Láti Jẹ́bà dé Lọ́kọ́jà lórí Odò Ọya: Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ múra

Láti ìgbà tí èmi àti àwọn ará ilé mi ti gba orí omi lọ sí Lọ́kọ́jà, àwọn èèyàn Ìlọrin kò yéé bi mí bí a ṣe ṣe é. Àwọn kan ní ẹbí ní Pàtégi, àwọn kan fẹ́ fi ojú ara wọn rí odò tí ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jùlọ jọ síbí. Ibi tí ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀, mo fara balẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí kò sí púpọ̀ láti sọ, mo yára kọjá.

Ìlọrin kò sí létí Ọya. Níbo la ti máa wọ ọkọ̀?

Jẹ́bà ni. Láti Ṣáńgò, ẹ gba ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ẹ kọjá Òkè Ọ̀sẹ̀ àti Bodè Sáàdù, ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Nísàlẹ̀ dáàmù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí odò ti ń ṣàn lọ sí Pàtégi.

Ẹ má sì rò pé odò náà jìnnà sí wa. Odò Àsà tí a ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ nígboro, Àwùn ló ń lọ bá, Àwùn ló sì ń gbé e lọ fún Ọya. Hausa ń pè é ní Kwara, Núpé ń pè é ní Edu. Omi kan náà ni.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láti ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kínní. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà, omi kò sì tíì fà débi tí iyanrìn á máa yọ láàárín odò. Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá ni omi ń kún jù, ìtì igi àti koríko ńláńlá sì ń bá a lọ. Lọ́dún 2012 àti 2022, gbogbo wa ló rí ohun tí omi ṣe ní Lọ́kọ́jà àti láwọn abúlé etídò. Ní oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún ẹ̀wẹ̀, òkìtì iyanrìn pọ̀ lábẹ́ omi, ìjì àkọ́rọ̀ òjò kì í sì í kìlọ̀ púpọ̀. Apá ìlà oòrùn ló sábà máa ń ti wá. Bí ẹ bá ti rí i tí ojú ọ̀run ṣú dùdù níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ sì dákẹ́ lójijì, ẹ gúnlẹ̀. Ẹ má dúró wò ó.

Àléébù kan wà lára àkókò tí mo yàn yìí: ọyẹ́. Láàárọ̀ kùtù, eruku àti kùrukùru lè bo odò tí ẹ kò ní rí òdìkejì. Ẹ jẹ́ kó là kí ẹ tó tú okùn.

Wọ́n ní dáàmù lè tú omi sílẹ̀ lójijì. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé ọwọ́ dáàmù ni omi tí ẹ máa bá nísàlẹ̀ wà. Kàǹjì ti wà láti 1968, ti Jẹ́bà láti 1985, bí wọ́n bá sì ti ń tú omi ni odò ń ga, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere kí omi sì gòkè lóru.

Ohun tí bàbá kan létí odò kọ́ mi nìyí, mo sì ń ṣe é ní gbogbo ibi tí mo bá sùn. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ibi tí omi parí sí gan-an. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá wò ó. Bí igi náà bá ti wà nínú omi ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ẹ gbé ẹrù yín sókè, ẹ jìnnà sétídò, kí ẹ sì fi okùn tó gùn so ọkọ̀. Bí igi bá jìnnà sí omi, ẹ ti ọkọ̀ wọ inú omi díẹ̀ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa jí bá a lórí iyanrìn, ọkùnrin mẹ́jọ kò sì ní lè sún un.

Ṣé a lè ra ọkọ̀ tiwa, kí a máa wà á lọ?

Rárá o, ó kéré tán kì í ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ gba atukọ̀ tó jẹ́ ọmọ odò. Àwọn Núpé etídò ti ń gbé lórí omi yìí láti ìrandíran, wọ́n sì mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ àdúgbò yín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jẹ́bà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ onísítíìmù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Dayspring lọ kọlu àpáta nítòsí ibẹ̀, ó sì bàjẹ́ pátápátá. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá ìrìn àjò náà lọ. Ọkọ̀ irin ni, ó ní ẹ́ńjìnnì, àwọn tó wà á sì ti fi òkun ṣe ilé. Síbẹ̀ ìṣàn omi láàárín àpáta yẹn borí wọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 1830, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Gẹ̀ẹ́sì méjì, Richard àti John Lander, wọ ọkọ̀ ìbílẹ̀ láti Busà lókè odò, odò yìí sì gbé wọn dé òkun. Láwọn ibì kan, àwọn tó mọ omi ló tu wọ́n.

Báwo la ṣe máa mọ atukọ̀ tó dára?

Ẹ bi í pé ìgbà wo ló kọjá lọ́nà yẹn kẹ́yìn, kí ẹ sì ní kó sọ ibi tí iyanrìn ti yípadà. Ẹni tó mọ̀ á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á máa fi ọwọ́ júwe: "Ní ọ̀tún igi ọsàn yẹn la ń gbà tẹ́lẹ̀, òsì la ń gbà báyìí." Ẹni tó bá ní kò sí wàhálà níbì kankan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Bí omi bá ti wà nínú ọkọ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, ẹ bi í bí ó ṣe wọlé. Bùọ̀dá bàbá mi tó gbé Jẹ́bà máa ń mú ọ̀bẹ kékeré dání. Á tẹ orí ọ̀bẹ náà mọ́ pákó ní ibi tí pákó méjì ti pàdé, lápá ìsàlẹ̀ tí omi ń bò. Bí pákó bá ti ọ̀bẹ padà, ó dára. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ìgbà tí ó wọ ọ̀lẹ̀lẹ̀, pákó yẹn ti rà, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ló ń dí ojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tó fi ọ̀bẹ yẹn kọ ọkọ̀. Inú bí àwọn tó ni ọkọ̀ náà. Kò dá wọn lóhùn.

Èèyàn mélòó ló lè wọ ọkọ̀ kan?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nítòsí Pàtégi níbí, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn èèyàn padà láti ibi ìgbéyàwó dànù lóru. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìyá, bàbá, ọmọ, àbúrò, láti abúlé tí gbogbo wọn mọ ara wọn. Àwọn èèyàn tí ọkọ̀ yẹn ń gbé lé ní 100, èyí tó pọ̀ jù fún ọkọ̀ onípákó.

Nítorí náà, mi ò ní fún yín ní iye èèyàn, nítorí ọkọ̀ kò dọ́gba. Òdiwọ̀n ni mo máa fún yín. Nígbà tí gbogbo èèyàn àti gbogbo ẹrù bá ti wọlé, kí atukọ̀ sì ti jókòó, ẹ na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti etí ọkọ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jù. Láti etí ọkọ̀ dé ojú omi gbọ́dọ̀ tó láti orí ìka yín dé ìgbọ̀nwọ́. Bí kò bá tó, ẹnìkan tàbí ẹrù kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn tó ń sáré bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìgbì rẹ̀ nìkan tó láti bu omi sínú ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, omi yẹn á sì máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí gbogbo èèyàn á sì bá a yí síbẹ̀. Bó ṣe ń dànù nìyẹn. Kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí atukọ̀ bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun ki èèyàn mẹ́rin sí i nítorí owó epo, ẹ san owó àwọn mẹ́rin náà kí àyè wọn ṣófo. Mo ti san án rí. Owó náà dùn mí, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Atukọ̀ ní òun ní i.

Ẹ ra tiyín, kí ẹ sì dán an wò nílé.

Mo ra mẹ́fà lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó tàn yanran, ó ní bẹ́líìtì, ó ní fèrè. Ìyàwó mi ló ní kí a gbé ọ̀kan sínú bàsíà ńlá tí a fi ń fọ aṣọ. A gbé bíríkì lé e kó lè wọ inú omi, a fi í sílẹ̀ láti Àsùbáà di Alaásárì. Nígbà tí a gbé bíríkì kúrò, jákẹ́ẹ̀tì náà kò léfòó. Ó rọra yọ díẹ̀, ó tún rọ̀. A tú ojú rírán rẹ̀: tìmùtìmù inú rẹ̀ jẹ́ irú fóòmù tí wọ́n ń fi ṣe bẹ́ẹ̀dì, ó ti mu omi yó. Bí mo bá fún un mọ́wọ́, omi ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ wọ̀ fún ọmọ mi nìyẹn.

Fóòmù tó dára kì í mu omi. Ó le díẹ̀, ó sì fúyẹ́. Lẹ́yìn bàsíà, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ di bẹ́líìtì rẹ̀, kí ẹnìkan di èjìká rẹ̀ mú kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó tóbi jù, ó lè bọ́ lọ́rùn yín nínú omi. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọdé, kó sì ní okùn tó gba àárín ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi ṣe ìrọ̀rí, kò sí ààyè láti wá a nígbà tí ọ̀ràn bá dé.

Mi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ṣé mo lè lọ?

Ẹ lè lọ bí ẹ bá gba ìdáhùn òkè yìí gbọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ gan-an, ìṣàn Ọya lè rẹ̀ ẹ́.

Epo mélòó la máa gbé?

Ó dọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 40, ìyẹn agbára ẹṣin 40, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ó lè mu nǹkan bí lítà 15 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ìṣàn omi ń bá yín lọ, ẹ kò nílò láti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi atukọ̀ ní iye wákàtí tó ń lò, ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo tí a po ọ́ìlì mọ́, lítà 25 ń gba ìdajì lítà ọ́ìlì lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ sẹ́ epo kí ẹ tó rọ ọ́. Omi àti ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì ló ń pa ẹ́ńjìnnì láàárín odò.

Ẹ rántí pé epo náà wúwo. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ tó kún tó àgbàlagbà méjì, ẹ kà á mọ́ èèyàn nígbà tí ẹ bá ń wọn etí ọkọ̀. Àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni àyè rẹ̀, kí ó jìnnà sí ààrò àti sìgá.

Irinṣẹ́ wo ni a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé?

Púlọ́ọ̀gì méjì, sípánà rẹ̀, okùn tí a fi ń fa ẹ́ńjìnnì, okùn ńlá méjì, ìdákọ̀ró, àjẹ̀ méjì, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, àti igbá méjì tí ẹ máa fi gbọ́n omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá kéré, ẹ béèrè bóyá ó ní píìnì kékeré tó ń di abẹ́bẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ ra mẹ́rin dání. Tiwa kán lórí iyanrìn lọ́jọ́ kejì. Wákàtí méjì la fi ń lo àjẹ̀, nítorí mo ti rò pé ẹyọ píìnì kan tó.

Ẹ máa wo omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bí ìtọ̀ ọmọdé. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíákíá, pàǹtí ti dí i, ó sì ti ń gbóná.

Oúnjẹ àti omi mímu?

Lítà mẹ́rin lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́fà fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ lítà 120. Kò sí bí odò ṣe mọ́ tó, ẹ má mu ún láìsè.

Oúnjẹ kò ní wàhálà fún ará Ìlọrin. Gàrí, kúlíkúlí, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, kílíṣí, ata díndín nínú ìgò. Wàrà dídín ń pé ọjọ́ méjì bí wọ́n bá dín in gbẹ dáadáa, tútù kì í pé ọjọ́ kan. Ẹja tútù ẹ máa rí rà ní gbogbo etídò, ẹ má wulẹ̀ gbé ẹran.

Àìsàn wo ló yẹ kí a ṣọ́ra fún?

Ibà ni olórí. Nínú ìrìn àjò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rìn lórí Ọya lọ́dún 1841, ibà pa òyìnbó púpọ̀. Nígbà tí dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie wá lọ́dún 1854, tó ní kí wọ́n máa lo oògùn kínín lójoojúmọ́, kò sí òyìnbó kan tó kú. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó lọ, kí ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún gbogbo èèyàn.

Ibi tí omi bá dúró, tí ewéko àti ìgbín kéékèèké sì wà, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara, tí èèyàn á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń jẹni lọ́sàn-án nítòsí omi tó ń sáré ló ń fa ìfọ́jú etídò, nítorí náà aṣọ alápá gígùn.

Báwo la ṣe ń kírun lórí omi?

Èmi máa ń ní kí atukọ̀ gúnlẹ̀ fún Àyìlá, a ó pa á pọ̀ mọ́ Alaásárì, a ó sì dín in kù gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò. Ẹsẹ̀ á nà, ẹ́ńjìnnì á sì tutù. Bí kò bá sí ibi gúnlẹ̀, ẹ kí i ní ìjókòó. Àáfà mi sọ fún mi pé dídìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń mì kò pọn dandan níbi tí ewu bá wà.

Aṣọ wo ni kí a wọ̀?

Èyí tó fúyẹ́. Agbádá, bùbá aláṣọ púpọ̀, ìró onílọ́po méjì, ẹ ká wọn sínú àpò ọ̀rá títí ẹ ó fi débẹ̀. Bí wọ́n bá mu omi, wọ́n ń wúwo, wọ́n sì ń wé mọ́ ẹsẹ̀. Èyí kan ẹni tó ń lọ òde ìgbéyàwó jù. Fóònù náà, inú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì fi sínú ike tó ní ìdérí.

Ṣé a lè rin òru kí a lè tètè dé?

Rárá. Ìrìn òru lórí omi lòdì sí òfin. Ìtì igi tó wà lábẹ́ omi, atukọ̀ tó mọ̀ ọ́n jù kò lè rí i nínú òkùnkùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi ìsùn, nítòsí abúlé, kí a lè kí baálẹ̀ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí la máa rí lọ́nà?

Púpọ̀. Ẹ ní kí atukọ̀ fi Tada hàn yín, abúlé kékeré kan ní apá Kwara. Ibẹ̀ ni ère bàbà kan tó jókòó ti wá, tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ jọ ti Ifẹ̀ tímọ́tímọ́, tó ti pé nǹkan bí 700 ọdún, tó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó báyìí. Nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, àwọn ará abúlé máa ń gbé e lọ sétídò ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, wọ́n á fi iyanrìn fọ̀ ọ́, kí ẹja lè pọ̀ kí obìnrin sì lè bímọ. Ara ère náà ti dán nítorí iyanrìn yẹn. Bí iṣẹ́ Ifẹ̀ ṣe dé etí Ọya, ẹ rò ó bí ẹ ṣe ń kọjá.

Nítòsí Pàtégi, ní Mùréjì, Odò Kàdúná ń wọlé láti apá òsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Baro, níbi tí ojú irin ti pàdé omi láyé ìjọba òyìnbó. Ní Lọ́kọ́jà, Bẹ́núè wọ Ọya, ẹ ó sì rí àwọ̀ omi méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò ńkọ́?

Ẹ béèrè lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, lọ́wọ́ àwọn tó ń ná èbúté Jẹ́bà àti Pàtégi, àti lọ́wọ́ ọlọ́pàá orí omi. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, ẹ sún un síwájú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo èèyàn inú ọkọ̀, nọ́ńbà atukọ̀, àti ibi tí ẹ fẹ́ sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹnìkan ní Ìlọrin. Àjọ NIWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní olú ilé iṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè.

Báwo ni òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe yẹ kó rí?

Ẹ sùn ní Jẹ́bà mọ́jú. Ẹni tó bá kúrò ní Ìlọrin láàárọ̀, ìkánjú ló máa gbé wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, ẹ kó ẹrù tó wúwo sísàlẹ̀ láàárín, kí èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má dúró. Ẹ wọn etí ọkọ̀. Ẹ ka orí, kí ẹ fa bẹ́líìtì jákẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan fúnra yín, títí kan ti bàbá àgbà. Kí atukọ̀ so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kó tan án, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí okùn ṣì so.

Wákàtí mẹ́ta péré ni kí ẹ rìn lọ́jọ́ náà. Ẹ gúnlẹ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé, ẹrù tó tutù, ẹni tí òòyì ń kọ́. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ padà ṣì lè rí ọkọ̀ ilẹ̀ wọ̀ délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àǹtí mi padà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí.

Báwo la ṣe máa padà láti Lọ́kọ́jà?

Mọ́tò. Lílọ sí òkè odò ń jẹ epo púpọ̀, ọjọ́ á sì gùn. Ẹ san owó ìpadàbọ̀ atukọ̀ fún un kí ẹ tó kúrò ní Jẹ́bà, kí ẹ sì fi kẹ́ẹ̀gì epo tó ṣẹ́kù fún un, kó má baà gba èrò ju bó ṣe yẹ lọ nítorí àtirí owó délé.